Omi dànù, agbè ò fọ́: ìwé ìtọ́sọ́nà lórí oyún tí Èkó gbé jáde ní 2022 tí wọ́n sì dá dúró

ÌyáÌbejì_Ìkòtún:
Ẹ kú ilé o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, mo ní kí n gbé e síta lónìí. Ẹ rántí pé ní 28 June 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìwé kan jáde, ojú ewé 40 ni, tó ń ṣàlàyé fún àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ìgbà tí òfin gbà kí wọ́n bá obìnrin yọ oyún tó fẹ́ gbẹ̀mí ẹ̀ àti bí wọ́n ṣe máa ṣe é tí ò fi ní mú ewu dání. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí ariwo gba ìlú kan, àwọn ìjọ ní àwọn ò gbà, àwọn èèyàn ń pín in kiri orí fóònù pé Èkó ti fọwọ́ sí oyún ṣíṣẹ́, nígbà tó fi máa di 7 July, kọmíṣọ́nnà ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Abáyọ̀mí, kéde pé Gómìnà Sanwó-Olú ti ní kí wọ́n dá a dúró ná, kí ìgbìmọ̀ aláṣẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n sì la aráàlú lọ́yẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìwé yẹn ò dá òfin tuntun kankan sílẹ̀. Òfin tó ní kí wọ́n gba ẹ̀mí ìyá là ti wà ńlẹ̀ tipẹ́, ìwé yẹn kàn fẹ́ kí dókítà mọ ibi tó máa fẹsẹ̀ lé ni. Àwọn àgbà wa náà ṣá mọ̀ ọ́n. Tí oyún bá bàjẹ́ lára ẹnì kan, kí la máa ń lọ sọ fún un? Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Èwo wá ni ká máa wo agbè títí á fi fọ́ nítorí pé a ò fẹ́ kí omi dànù? Ẹ bá mi dá sí i, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ_Màríà:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo bọ̀wọ̀ fún yín gan-an àmọ́ mi ò ní lè gbà pẹ̀lú yín níbí. Omi dànù agbè ò fọ́, ọ̀rọ̀ ìtùnú ni. Ẹni tí omi dànù mọ́ lọ́wọ́ la máa ń sọ ọ́ fún, a kì í sọ ọ́ fún ẹni tó gbé agbè tó dojú ẹ̀ délẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìjọ Kátólíìkì wa l'Ékòó, Alfred Adéwálé Martins, sọ̀rọ̀ nígbà yẹn pé ìjọ ò fara mọ́ ìwé náà, mo sì wà lẹ́yìn wọn, torí pé lójú tiwa ọjọ́ tí oyún bá ti dúró ni ọmọ ti di ọmọ.

Ẹ má sì rò pé ìjọ ní kí obìnrin máa kú o. Tí oyún bá lọ dúró sí ọ̀nà ẹyin tí ò dé inú ilé ọmọ, dókítà lè gé ọ̀nà ẹyin tó ti bàjẹ́ yẹn kúrò, tí ọmọ bá tibẹ̀ lọ, kì í ṣe ohun tí wọ́n torí ẹ̀ wọ tíátà nìyẹn. Tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ilé ọmọ, bákan náà. Ohun tá a kọ̀ ni kí èèyàn dìde pé ọmọ yìí gan-an ni mo fẹ́ pa. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú ìwé Èkó yẹn ni "ìlera". Ẹ̀mí, ó yé mi. Àmọ́ ìlera, ibo ló parí sí? Ẹni tó bá ń wá ọ̀nà á gba ibẹ̀ kọjá.

Bàbá_Kékeré:
Ẹ dákun, ṣé kì í ṣe pé oyún ṣíṣẹ́ lòdì sófin pátápátá ní Nàìjíríà ni? Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn látìgbà tí mo ti dáyé. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni mo máa ń gbọ́.

Lọ́yàAbẹ́òkúta:
Bàbá Kékeré, ẹ ò jẹ̀bi, ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ nìyẹn, àwọn dókítà gan-an náà wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe jẹ́. Òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn òyìnbó fi lélẹ̀ fún wa la ṣì ń lò lápá gúúsù. Abala 228 ló ní ọdún 14 fún ẹni tó bá báni ṣẹ́yún, kódà bí obìnrin náà ò bá tiẹ̀ lóyún rárá, kó ṣáà ti gbìyànjú ẹ̀. Abala 229 fún obìnrin fúnra ẹ̀ ní ọdún 7. Abala 230 fún ẹni tó ta oògùn tàbí irinṣẹ́ ẹ̀, tó sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, ní ọdún 3.

Àmọ́ abala 297 wà níbẹ̀ tó ní wọn ò ní dá dókítà lẹ́bi tó bá fi òtítọ́ inú àti ìmọ̀ṣẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ láti dá ẹ̀mí ìyá sí, tí ohun tó ṣe bá bójú mu pẹ̀lú ipò tí aláìsàn wà. Nígbà tí Èkó ṣe òfin tiẹ̀ ní 2011, wọ́n fi ìlera ara ìyá kún ẹ̀mí ìyá. Orí ìyẹn ni ìwé 2022 dúró lé. Ọmọ_Màríà, "ìlera" tẹ́ ẹ̀ ń bẹ̀rù ti wà nínú òfin Èkó fún ọdún mọ́kànlá kí ìwé náà tó jáde.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Òfin ní "òtítọ́ inú", ó ní "bójú mu", àmọ́ ta ló máa sọ pé ó bójú mu? Dókítà mélòó ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i? Àìsàn ọkàn ńkọ́, kíndìnrín ńkọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti fẹ́ di gìrì ńkọ́? Ẹ lè ka gbogbo òfin náà látòkè délẹ̀, ẹ ò ní rí i. Dókítà tó bá ronú ẹ̀, ọdún 14 ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, á sì kó ọwọ́ ẹ̀ sápò. Àwọn òyìnbó tó kó òfin yìí wá fún wa ti yí tiwọn padà láti 1967. Àwa gbìyànjú ẹ̀ ní 1981, àwọn dókítà tó ń tọ́jú aboyún ló wà nídìí ẹ̀, ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn obìnrin gan-an wà lára àwọn tó ta kò ó, ibẹ̀ ló kú sí.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ tiẹ̀ tún wà lọ́tọ̀. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Maputo, ìyẹn àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin, ní 2004, àdéhùn yẹn ní kí ìjọba jẹ́ kí obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, tàbí tí bàbá ẹ̀ tàbí mọ̀lẹ́bí ẹ̀ fún lóyún, rí dókítà tó máa yọ ọ́. Àmọ́ abala 12 nínú ìwé òfin 1999 ní àdéhùn ilẹ̀ òkèèrè ò lágbára níbí àfi tí àwọn aṣòfin Àbújá bá sọ ọ́ dòfin.

ÌyáÌbejì_Ìkòtún:
Lọ́yà, Ọlọ́run á máa fún yín lóye sí i. Ọmọ_Màríà, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ fi sùúrù sọ tiyín. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó gbé èmi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí.

Mo ní àbúrò obìnrin kan, ọmọ ìyá mi ni. Nígbà tó bí ọmọ ẹ̀ kejì ni ọkàn ẹ̀ wú, dókítà ní kò lè máa tu ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́, ó ní kó má tún lóyún mọ́ láyé ẹ̀. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta ló ń gbà. Ìgbà kan tó lọ, wọ́n ní abẹ́rẹ́ ti tán ní sẹ́ńtà, kó padà wá, kó tó padà lọ oyún ti dé. Kó tó pé oṣù mẹ́rin kò lè dùbúlẹ̀ mọ́. Ìrọ̀rí mẹ́ta ló máa ń tò sẹ́yìn, á fẹ̀yìn ti ògiri, ìjókòó ló ń sùn mọ́jú. Tó bá bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ojú ẹ̀ á wà lọ́rùn ẹsẹ̀ ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi okùn dì í.

Ọsibítù mẹ́ta la dé. Ní gbogbo ibẹ̀, dókítà á wo sikáànì ọkàn, á mirí, á pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní oyún yìí ò yẹ kó dúró àmọ́ òun ò lè fọwọ́ òun sí i. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọdé ni, mo lè bí i, ó sọ fún mi lójúkojú pé, "Mummy, ìwé tí à bá tẹ̀ lé, wọ́n ti dá a dúró. Tí wọ́n bá wá mú mi, ta ló máa gbà mí sílẹ̀?" Mi ò bínú sí i, ẹ̀rù wà lójú ẹ̀. Wọ́n á wá kọ lẹ́tà fún wa pé ká máa lọ síbi tó ju tiwọn lọ. Lẹ́tà mẹ́ta ló wà nínú náílọ́ọ̀nù tí mò ń gbé kiri, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ 26, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lóru, ohun tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀ ń hó bí ọṣẹ, ó sì pọ́n. Ọmọ inú ò yè. Òun náà ò rí ilẹ̀ ọjọ́ kejì.

Nígbà tí àwọn àdúgbò wá kí wa, ìyá àgbà kan la ẹnu láti sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ. Ó ti pe "omi ló...", ó rántí. Ó dákẹ́, ó wá jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọ ẹ̀ méjèèjì wà lọ́dọ̀ mi báyìí.

Bàbá_Kékeré:
Háà. Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú àmójúkúrò. Ọlọ́run á wo àwọn ọmọ.

Nọ́ọ̀sìÀgbà:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá wa. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí, ohun tẹ́ ẹ sọ yìí, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ẹnu ọ̀nà ilé mi. Wọ́n ní aboyún, ẹsẹ̀ kan ayé ẹsẹ̀ kan ọ̀run. Nílùú tiwa, ẹsẹ̀ ti ọ̀run ti wúwo jù. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé nínú gbogbo obìnrin tí oyún tàbí ìbímọ pa lágbàáyé ní 2020, ó lé ní 28 nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ ti Nàìjíríà nìkan, àwọn bí 82,000. Kì í ṣe oyún ṣíṣẹ́ ló pa gbogbo wọn o, ẹ̀jẹ̀ dídà wà níbẹ̀, gìrì wà níbẹ̀, ọmọ tí ò rọ́nà gbà wà níbẹ̀. Àmọ́ àwọn tí oyún ṣíṣẹ́ ní kọ̀rọ̀ bàjẹ́ mọ́ lára, àwọn ni mo máa ń rántí jù, torí pé wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó wá. Á ti di ọjọ́ karùn-ún, ara á ti máa gbóná, òórùn á ti wà, ìyá á ní ibà ni. Ẹ̀rù ọlọ́pàá àti ìtìjú àdúgbò ló máa ń dá wọn dúró sílé.

Ohun tí inú mi ò sì dùn sí rárá ni abẹ́rẹ́ tó tán yẹn. Láti 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní ọ̀fẹ́ ni ìfètò-sọ́mọ-bíbí ní ọsibítù ìjọba, àmọ́ ẹ débẹ̀, ẹ máa ra ìbọ̀wọ́, ẹ máa ra síríńjì, lọ́jọ́ mìíràn ọjà gan-an á tán. Nígbà tí wọ́n ka obìnrin tó wà nílé ọkọ káàkiri Nàìjíríà ní 2018, 12 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lo ọ̀nà ìgbàlódé, abẹ́rẹ́, ti apá, lúùpù, kọ́ńdọ́ọ̀mù, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀. Àwọn tó ń jà fún oyún àtàwọn tó ń jà fún obìnrin, ibí yìí ló yẹ ká ti pàdé.

Àǹtí_Ẹlẹ́kọ:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò fẹ́ da ọ̀rọ̀ yín rú o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́dọ̀ mi, ọmọ ọdún 19, ó ń ṣẹ̀jẹ̀ láti àná, àárọ̀ yìí ló tó jẹ́wọ́ pé òun lo nǹkan tí òun rà ní kẹ́mísì. Páàdì tó ti pààrọ̀ láti ìdájí mi ò lè kà á mọ́, ó ní òòyì ń kọ́ òun. Ẹ̀rù ń bà mí láti gbé e lọ kí wọ́n má lọ fa àwa méjèèjì fún ọlọ́pàá.

Nọ́ọ̀sìÀgbà:
Àǹtí, ẹ fi fóònù sílẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e lọ ní báyìí báyìí. Ọsibítù ìjọba tó ní tíátà àti ẹ̀jẹ̀, ẹ má lọ kẹ́mísì, ẹ má fún un ní àgbo kankan. Ẹni tí páàdì méjì bá ń rin gbingbin láàárín wákàtí kan, tí òòyì sì ń kọ́ ọ, kò ní àyè kó dúró dọ̀la. Ẹ jẹ́ kó sọ orúkọ oògùn tó lò àti ìgbà tó lò ó fún wọn bó ṣe rí, torí ìtọ́jú la ṣe ń béèrè. Ẹ wá ẹnì kan tó máa tẹ̀ lé yín tó lè fún un lẹ́jẹ̀.

Lọ́yàAbẹ́òkúta:
Àǹtí, mo fẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀ lórí kiní kan. Kò sí abala kankan tó ní kí dókítà má tọ́jú ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ohun yòówù tó fà á. Ìtọ́jú lẹ́yìn tí oyún bá ti bàjẹ́ kì í ṣe ọ̀ràn. Ẹ máa lọ.

AlfaOṣòdì:
Kí Ọlọ́run bá wa fún un ní àlàáfíà o, Àǹtí. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un láti ọ̀dọ̀ àwa Mùsùlùmí. Hadíìsì wà tó sọ pé lẹ́yìn 120 ọjọ́ ni wọ́n máa ń fẹ́ ẹ̀mí sínú ọmọ. Àwọn onímọ̀ ò fẹnu kò lórí ohun tó ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn kan nínú Hanafi, ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí àwa Mùsùlùmí ń gbà lóye òfin ẹ̀sìn, gbà pé ó ṣeé ṣe tí ìdí gidi bá wà, àmọ́ ọ̀nà Maliki tó pọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà kò fàyè gbà á bẹ́ẹ̀, èmi náà ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó lọ ṣẹ́yún nítorí owó tàbí ìtìjú. Àmọ́ tí dókítà tó ṣeé gbára lé bá sọ pé oyún yìí máa pa ìyá, àwọn onímọ̀ ní ìyá ni ìdí igi, ọmọ ni ẹ̀ka. A kì í gé ìdí igi torí pé a fẹ́ tọ́jú ẹ̀ka. Ohun tí mo kàn fẹ́ kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n pe àwa tí à ń wàásù kí wọ́n tó gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde. Orí rédíò lèmi ti gbọ́ tiẹ̀ ní 2022, àwọn ìjọ mi ń bi mí, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ.

ỌmọKétu:
Mo kí yín láti Kétu, lápá Benin níbí. Tiwa ti kọjá ibi tẹ́ ẹ wà. Òfin 2003 ní orílẹ̀-èdè wa ti fàyè gba ti ẹ̀mí ìyá, ti ìfipábánilòpọ̀ àti ti ọmọ tó ní àìsàn tó le gan-an nínú. Ní October 2021 ilé aṣòfin ní Àjàṣẹ́ ṣí i sí i, wọ́n ní títí di ọ̀sẹ̀ 12 obìnrin lè ní kí wọ́n yọ oyún tó bá máa kó o sínú ìnira, bóyá ti owó, ti ẹ̀kọ́ tàbí ti iṣẹ́. Mínísítà ètò ìlera wa, Benjamin Hounkpatin, sọ nígbà yẹn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200 obìnrin tí oyún ṣíṣẹ́ tó bàjẹ́ ń pa lọ́dọọdún ní Benin. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù wa ta kò ó gan-an, ó ṣì kọjá.

Àmọ́ kẹ́ ẹ má rò pé gbogbo ẹ̀ ti tán o. Ní abúlé tiwa, obìnrin tó bá gbọ́ pé òfin ti gbà á ṣì máa ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ, torí pé nọ́ọ̀sì tó wà ní sẹ́ńtà, àbúrò ìyá ọkọ ẹ̀ ni. Òfin lè yí padà láàárín òru kan, ẹnu èèyàn ò kí í tètè yí.

Bọ̀dáHouston:
Ẹ kú ìjíròrò. Texas ni mo wà, ìyàwó mi ń ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn aboyún. Ẹ rántí pé 24 June 2022 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé ìdájọ́ Roe ti 1973 tó fún obìnrin lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣẹ́yún jákèjádò Amẹ́ríkà, ọjọ́ mẹ́rin péré ló fi ṣáájú ìwé Èkó. Mo rò pé ìyẹn náà wà lára ohun tó jẹ́ kí ariwo pọ̀ nílé, àwọn èèyàn rò pé Èkó fẹ́ ṣe bí Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ohun tí Ìyá Ìbejì sọ nípa dókítà tí ẹ̀rù ń bà, a rí i níbí. Òfin Texas ka oyún ṣíṣẹ́ léèwọ̀ àmọ́ ó yọ ẹ̀mí ìyá sílẹ̀. Dókítà tó bá ṣì í ṣe lè lo gbogbo ayé ẹ̀ lẹ́wọ̀n, á san ó kéré tán 100,000 dọ́là, ìwé àṣẹ ẹ̀ á lọ. Ni kálukú bá ń dúró kí obìnrin ṣàìsàn dójú ikú kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Amanda Zurawski, omi ara ẹ̀ ya nígbà tí oyún ò tíì tó oṣù márùn-ún, ọmọ ò lè yè, wọ́n ní kò tíì tó ohun tí àwọn lè dá sí, àfìgbà tí kòkòrò wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Òun àtàwọn obìnrin mìíràn gbé ìjọba lọ sí kóòtù ní 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Texas dá ẹjọ́ náà lòdì sí wọn ní May 2024, wọ́n ní òfin ti ṣe kedere tó.

Ẹ wá gbọ́ èyí, Ọmọ_Màríà, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ. Ní 2025 wọ́n ṣòfin mìíràn láti ṣàlàyé pé dókítà ò gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tí ikú bá dé ẹnu ọ̀nà. Lára àwọn tó gbé e wá ni Sẹ́nátọ̀ Bryan Hughes, ẹni tó kọ òfin tó le lórí oyún níbí ní 2021. Kò yí ìgbàgbọ́ ẹ̀ padà. Ó kàn rí i pé òfin tí òun fọwọ́ òun kọ ń yí àwọn dókítà lórí.

Ọmọ_Màríà:
Ìyá Ìbejì, láti àná ni mo ti ka tiyín, mo tún padà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo sunkún. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí wọ́n mú ìwé wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa pé ká fọwọ́ sí i pé a ò fẹ́ ìwé Èkó, mo fọwọ́ sí i, mi ò ka ojú ewé kan nínú ìwé tí mò ń kọ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni mo tẹ̀ lé.

Mi ò ní tan yín, mi ò ní gbà láéláé pé kí wọ́n yọ ọmọ torí pé bàbá ẹ̀ sá lọ tàbí torí pé ìyá wà níléèwé. Ọmọ yẹn ò ṣẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ìyá ẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, mo ti gba méjì sílé rí. Àmọ́ ti àbúrò yín, mi ò rí ohun tí mo lè sọ. Tí wọ́n bá tún kọ ìwé náà, tí wọ́n dárúkọ àwọn àìsàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí dókítà mẹ́ta fọwọ́ sí i, mi ò ní jáde láti ta kò ó mọ́. Èrò tèmi nìkan nìyẹn o, mi ò gbẹnu sọ fún ìjọ.

ÌyáÌbejì_Ìkòtún:
Ẹ ṣeun. Mi ò retí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà méjì ni kó jẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Ní ọsibítù kejì tá a dé, dókítà kan ṣoṣo ló wà níṣẹ́ lóru yẹn. Àǹtí Ẹlẹ́kọ ńkọ́? Ṣé ẹ ti dé ibẹ̀?

Nọ́ọ̀sìÀgbà:
Èmi náà ń wojú fóònù. Ẹ dá wa lóhùn tẹ́ ẹ bá ráyè.

Ẹni tó bá sì ní ọmọbìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, l'Ékòó, ẹ má jókòó máa sunkún nílé. Mirabel Centre wà nínú ọsibítù LASUTH n'Íkẹjà láti 2013. Ẹ tètè gbé e lọ kó tó pé ọjọ́ mẹ́ta, oògùn wà tó lè dènà kí oyún má dúró, ti HIV náà wà.

Àǹtí_Ẹlẹ́kọ:
Ẹ má bínú, bátìrì mi ló kú. Wọ́n gbà á wọlé. Báàgì ẹ̀jẹ̀ méjì ni wọ́n fà sí i lára, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló fún un ní ọ̀kan, wọ́n sì fọ inú ẹ̀. Nọ́ọ̀sì bi í léèrè ohun tó lò, ó sọ ọ́, nọ́ọ̀sì ò bú u, ó kàn kọ ọ́ sínú káàdì. Kò sí ọlọ́pàá tó wá. Dókítà ní tó bá di ọjọ́ mìíràn ká tètè máa wá. Lálẹ́ yìí ló kọ́kọ́ sọ pé ebi ń pa òun, ó ní ògì lòun fẹ́, kó má dùn jù. Omi ẹ̀ wà lórí iná níbi tí mo ti ń tẹ èyí.